Mánéèjì, Lábẹ́ Tánkì Bàbá Onílé

Òórùn ìpẹtà tí omi ti rin ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ẹ̀yìnkùlé ilé yẹn, lẹ́yìn náà ni òórùn aṣọ tuntun tí ẹ̀gbọ́n mi bá rà bọ̀ láti ọjà Aswani á tẹ̀ lé e. Ilé náà wà ní àdúgbò kan tó yà kúrò lójú títì Àgọ́ Palace, níbi tí ariwo títì kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Tánkì ńlá dúdú kan wà lókè níbẹ̀ lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, omi ń kán lára rẹ̀ tó, tó, tó, lójoojúmọ́ ayé. Abẹ́ tánkì yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ sí. Ibòòji ibẹ̀ tutù bí inú àmù.

Ọ̀rẹ́ mi, o mọ̀ mí, mi ò kàwé. Mi ò dé kíláàsì tí wọ́n ti ń fi bírò kọ̀wé tí mo fi já síta. Ṣùgbọ́n láti Òṣòdì dé Ìsọlọ̀, wá ajórin tí irin ń gbọ́ràn sí lẹ́nu tó mi, kó o mú un wá kí n kí i. Nínú gbogbo òyìnbó tí etí mi ti gbọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo mọ̀ dénú egungun, ìyẹn mánéèjì. Kò sí ẹni tó ń gbé Èkó tí kì í lò ó. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ tí kò lẹ́ran fún ọ, wọ́n á ní kó o mánéèjì ẹ̀. Bí bẹ́ǹṣì bá ti kún, tí ẹni tí ìdí rẹ̀ gbòòrò bá tún fẹ́ jókòó, á ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká mánéèjì. Béèrè ara lọ́wọ́ aláìsàn, ó ń mánéèjì. Béèrè ọkọ lọ́wọ́ ìyàwó tí ilé ọkọ ti sú, òun náà ń mánéèjì. Wọ́n ní inú ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ti yọ máníjà, ẹni tó ń jókòó sínú afẹ́fẹ́ ẹ́sì ní báńkì. Ìyẹn ò kàn mí, tiwa ni mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ tó dára ni nígbà mìíràn, torí òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn lè sùn nílùú yìí kí ilẹ̀ sì mọ́ bá wọn. Àmọ́ mo ti rí i lọ́jọ́ kan tó dúró lókè orí ẹ̀gbọ́n mi, tó ń dúró de àsìkò.

Nígbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kú, bàbá onílé yìí, ọmọ Èkìtì bíi tiwa, ló ní kó gbé maṣíìnì rẹ̀ sábẹ́ tánkì, kó máa fi ibẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù láìsanwó. Láti ọjọ́ náà, kò sí àdúrà tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbà tí kò dárúkọ bàbá. Bí wọ́n sì ṣe tọ́ wa nìyẹn: ẹni tó bá fi ibòòji bò ọ́, o ò ní gbójú sókè wo ohun tó wà lórí ibòòji náà.

Èmi gbójú sókè. Ọ̀sán kan ni, lásìkò òjò, oòrùn sì yọ ganrínganrín lẹ́yìn òjò àárọ̀. Mo gbé tábìlì irin kan tí mo ṣe fún un lọ, iṣẹ́ tó wù mí débi pé mo gba ojú títì lọ kí aráyé lè rí i. Bí mo ṣe fẹ́ gbé e kalẹ̀, atẹ́gùn kan fẹ́, mo sì gbọ́ kíìn lókè. Irin kì í ké lásán. Mo yí i ká. Ẹsẹ̀ kan, pákó ni wọ́n fi tì í. Ìkejì, wọ́n po sìmẹ́ǹtì mọ́ ọn bí ẹni di egbò. Ìkẹta, okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ fẹ́ǹsì, okùn náà sì ni àwọn ará ilé ń sá aṣọ sí. Mo fi hámà kan ìkẹrin díẹ̀. Orí hámà wọlé bí ẹni ki ìka bọ búrẹ́dì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde níbẹ̀."

"Ó ti dé nìyẹn," ó ní, kò gbójú kúrò lára aṣọ. "Kí n dìde lọ síbo? Ṣé orí òrùlé ni kí n ti máa ránṣọ?"

"Irin yìí ti kú."

"Ó ti kú kí n tó débí. À ń mánéèjì ẹ̀. Ṣáà gbé tábìlì rẹ kalẹ̀, Ọ̀gá Irin."

Bàbá onílé ti gbọ́ ìró hámà. Ó jáde wá tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì àti pákò lẹ́nu. "Ta ló ń kan irin mi?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Èmi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tú u kalẹ̀. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni màá ṣe òmíràn fún yín, èyí tí àwọn ọmọ-ọmọ yín máa bá níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ajórin. Irin tí ẹ ò bá ti ṣe, ó ti kú nìyẹn. Lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ̀? Kí àdúgbò lè gbọ́ pé ọmọ àná ló ń bá mi tún ilé mi ṣe?"

"Bàbá, orí ẹ̀gbọ́n mi ló wà."

"Ó ti ń bá a mánéèjì bọ̀. A ó máa mánéèjì ẹ̀ títí Ọlọ́run á fi ṣe é."

Ẹ̀gbọ́n mi fà mí láṣọ. "Má dójú tì mí," ó rọra sọ ọ́. "Ẹni tó ṣe mí lóore ni."

Omi kán sí mi lẹ́yìn ọrùn, ó tutù. Mo rí i pé àwọn méjèèjì ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pa mí lẹ́nu mọ́. Èmi kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n ń pa lẹ́nu mọ́. Mo gbé bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà sábẹ́ tánkì gan-an, mo jókòó. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n kò hàn lójú mi, o mọ̀ mí. Mo fọwọ́ gbá àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ǹṣì.

"Bàbá, mo ti gbọ́. Ẹ wá jókòó tì mí, ká jọ mánéèjì ẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n mi fi parí aṣọ ọwọ́ rẹ̀."

Ó gbẹ́sẹ̀. Sálúbàtà rẹ̀ dé etí ibòòji, níbi tó hàn lórí sìmẹ́ǹtì bíi pé wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà síbẹ̀, ó sì dúró. Ó wòkè. Ó fa ẹsẹ̀ náà padà.

"Ẹ bọ́ síbi tó tutù, sà."

"Ibi tí mo wà yìí tẹ́ mi lọ́rùn," ó ní. Oòrùn sì ń jó o lórí, òógùn ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ wọnú síńgílẹ́ẹ̀tì.

Maṣíìnì dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò wo ojú bàbá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò, mo sì rí i pé ó ń rántí nǹkan. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Bàbá, láti ọjọ́ tí mo ti ń rán aṣọ yín, ibẹ̀ yẹn lẹ ti máa ń dúró nà án sí mi. Ẹ ò wọ abẹ́ ibí rí."

Bàbá fi pákò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì.

Ẹ̀gbọ́n mi fa aṣọ náà yọ lábẹ́ abẹ́rẹ́, apá kan ṣì wà láìrán. Ó jáde síta, ó kúnlẹ̀ nínú oòrùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá fún gbogbo oore rẹ̀, tọkàntọkàn ni. Ó wá yíjú sí mi. "Gbé orí maṣíìnì. Èmi á mú àwọn aṣọ." Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń ránṣọ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsọlọ̀, lábẹ́ páànù tí èmi fọwọ́ ara mi kàn.

O lè máa rò pé tánkì náà ti wó. Kò wó. Ó wà níbẹ̀ lónìí, ó ń kán. Bàbá ti sọ fún àwọn ará ilé kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn fún mi mọ́, géètì ilé náà sì rèé, èmi ni mo ṣe é fún un tó sanwó ẹ̀, kò sí ẹni tó lè já a. Mo gba ibẹ̀ kọjá láìpẹ́ yìí, mo yọjú láàárín irin. Onídìrí kan ló wà lábẹ́ tánkì, ó há orí oníbàárà sáàárín orúnkún rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo òkè yín."

Ó wò ó. "Mo ti sọ fún Bàbá, sà. Wọ́n ní ká ṣì mánéèjì ẹ̀. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n fún mi níbí."

"Ẹ ní kí wọ́n wá bá yín jókòó síbẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré."

Òun àti oníbàárà rẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni.

Ohun tí mo kọ́ nìyẹn, tí wọn ò kọ́ mi nílé ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ní kí n mánéèjì nǹkan kan, mi ò ní wo ojú rẹ̀, ibi tó fẹsẹ̀ sí ni màá wò. Bí ìjì bá sì ń bọ̀ ní Ìsọlọ̀, tí páànù bẹ̀rẹ̀ sí í lù, mo máa ń pa iná iṣẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi náà á gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì. A ò ní bára wa sọ̀rọ̀. A ó kọjú sọ́nà Àgọ́ Palace, a ó máa dẹtí sí tánkì yẹn.