Obìnrin Tó Ń Ka Ìwé Ìròyìn Sókè

"Ẹ rọra kà á, Màmá. Wọ́n á gbọ́ yín dé Okokomaiko." Ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì sáré pa fèrèsé dé.

Màmá ni aládùúgbò wa tí yàrá wọn kọjú sí tiwa ní Ìbà. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́, ariwo ẹ̀rọ sì ti di etí wọn. Tí wọ́n bá ní àwọn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, gbogbo ilé ló ń gbọ́. Àwọn sì lẹni tó ń ka ìwé ìròyìn tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń kọ nípa ìyà tó ń jẹ wọ́n lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni àwọn obìnrin náà máa ń pàdé ní yàrá Màmá. Bí wọ́n tiẹ̀ wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, òórùn epo ẹ̀rọ kì í kúrò lára wọn. Èmi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, èèpo ẹ̀pà sísè á kún itan mi. Ojú ewé méjì péré ni ìwé náà. Ìyànà-Ìbà ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, inú kúlà oúnjẹ ni wọ́n sì ń fi í pa mọ́ sí tí wọ́n bá ń mú un wọ ilé iṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn aboyún ni. Orí ìdúró ni wọ́n ń wà láti àárọ̀ títí iṣẹ́ fi parí, àwọn obìnrin náà sì fẹ́ kí wọ́n fún wọn níbi ìjókòó. Màmá ń kà á lọ, ni ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn. Ọ̀gá tó ń bójú tó wọn lẹ́nu iṣẹ́ ni, àdúgbò wa lòun náà ń gbé. Obìnrin kan jókòó lé ìwé náà. Ọkùnrin yìí lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn.

"Màmá, mò ń gbọ́ yín láti ojú títì."

"Kí lẹ gbọ́?" ni Màmá bi í.

"Gbogbo ẹ̀. Ẹ kọ ti ìjókòó, ẹ ò kọ ti ilé ìtọ̀. Wọ́n ń ka ìṣẹ́jú fún aboyún tó bá lọ tọ̀. Ẹ fi ìyẹn kún un." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ mi o."

Màmá ò gbọ́. Wọ́n ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, wọn ò tún gbọ́.

"Mo ní ẹ má dárúkọ mi!"

Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níta dúró, wọ́n ń wò ó. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, òun náà sì di ara ilẹ̀kùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìwé náà jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n pe Màmá sí ọ́fíìsì, wọ́n bi wọ́n pé ta ló kọ ọ́. Màmá ní àwọn ni, wọn ò dárúkọ ẹlòmíì. Ìyá mi ò lè jẹun títí Màmá fi wọlé lálẹ́, iṣẹ́ wọn ò bọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ kó bẹ́ǹṣì wá fún àwọn aboyún. Màmá ṣe é fún wa bí aboyún àkọ́kọ́ ṣe jókòó, tó bọ́ bàtà, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì bí ìyàwó ọba.

Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn láti ìgbà náà, ojú wọn sì máa ń le. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ sọ fún ọ̀gá mi pé ohun kan kò dáa, àwọn obìnrin yẹn ni mo máa ń rántí: wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ẹ̀rù mi á dín, màá sì sọ ọ́.