Ẹ̀wù Bàbá Ìjọ Nínú Pósí Baba Rẹ̀mí

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mò ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré nínú ẹrẹ̀ Akébé, ìsìnkú ni ọdún wa. Kì í ṣe pé a fẹ́ kí ènìyàn kú o, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsìnkú ni a máa ń jẹ ìrẹsì ẹlẹ́ran. Lọ́jọ́ yòókù, màníókì, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ewé dì bí ọ̀pá, ni, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Libreville lẹ́yìn òmìnira, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Baba Rẹ̀mí, télọ̀ tó wà ní Atong Abè, ló máa ń rán aṣọ Àjíǹde fún wa. Ọmọ Nàgó láti Kétu ni, ọmọ Abẹ́òkúta sì ni ìyàwó rẹ̀. Ikọ́ dá a dùbúlẹ̀ láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi nìkan ló ń gbé ọbẹ̀ lọ. Àwọn ará ìjọ ní àwọn ń gbàdúrà fún un láti ilé. Ẹgbẹ́ ọmọ Nàgó ní àwọn á yà tó bá di Sọ́ńdè. Sọ́ńdè náà kò dé.

Bó ṣe kú báyìí, ó di ẹni tí gbogbo ayé ń jà sí. Ìjọ ní ti àwọn ni, Nàgó ní ti àwọn ni. Ẹnikẹ́ni kò bi Ìyá Rẹ̀mí léèrè. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ òun sinmi kí òjò ọ̀sán tó dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, ìjọ yára gbé òkú sínú pósí funfun. A ń kọ orin kejì lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ẹgbẹ́ Nàgó wọlé pẹ̀lú pósí dúdú tiwọn, tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé lọ sílé tí wọn ò bá òkú níbẹ̀. Òkú kan, pósí méjì. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi já mi ní èékánná nítan títí omijé fi bọ́ lójú mi, gbogbo ènìyàn sì rò pé òkú ni mò ń sunkún.

Alága Nàgó ní kí wọ́n gbé arákùnrin òun sínú pósí tó bójú mu. Ni Bàbá Ìjọ, ẹni tó fẹ́ràn àyẹ́sí bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn ṣúgà, bá dìde tòun ti ẹ̀wù àrán rẹ̀ tó ń wọ́lẹ̀. Ó gba òòlù, ó kan ìdérí pósí pa, ó sì búra pé ẹnikẹ́ni kò ní ṣí i mọ́ títí Olúwa yóò fi dé. Ó yíjú láti ṣáájú wa jáde, pósí fà á padà. Ó ti kan etí ẹ̀wù ara rẹ̀ mọ́ ọn.

Ó fà á, kò já. Ló bá rọra ní kí wọ́n yọ ìṣó náà.

“Pápá,” ni alága Nàgó wí, “ṣé Olúwa ti dé ni?”

Ìyá Rẹ̀mí dìde. Ó mú àlùmọ́gàjí ọkọ rẹ̀ tí wọ́n gbé sórí tábìlì níwájú gẹ́gẹ́ bí àmì iṣẹ́ rẹ̀. “Nígbà tó ń ṣàìsàn, ẹ ò lè jókòó tì í,” ló wí. “Lónìí, ẹ ò lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.” Ó gé ẹ̀wù àrán náà títí dé orúnkún. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

Ó ní kí wọ́n gbé ọkọ òun. Ìjọ gbé orí, Nàgó gbé ẹsẹ̀, a sì sin ín kí òjò tó rọ̀. Ojú ti ẹgbẹ́ Nàgó láti gbé pósí tiwọn padà, Ìyá Rẹ̀mí bá fi ṣe àpótí aṣọ. Inú rẹ̀ ni èmi àti Rẹ̀mí máa ń sá pamọ́ sí tí a bá ń ṣe bojúbojú.

Lóde òní, ọkọ̀ òfuurufú ló ń gbé òkú wa lọ sí Cotonou àti Èkó. Fọ́tò olóògbé á kún ara ògiri, a sì ti kọ́ láti ká ẹ̀wù sókè kí a tó kan ìṣó. Láìpẹ́ yìí, mo gbé ọbẹ̀ lọ fún aládùúgbò mi kan tó ń ṣàìsàn ní Sibang. Ọkùnrin náà wo abọ́, ó sì wò mí. Ó ní, “Màmá, ṣé dókítà ti sọ fún yín pé mo fẹ́ kú ni?”