Orúnkún ọmọ Kamẹrúùnù

Orúnkún rẹ̀ ni mo máa ń rántí. Ọmọ Kamẹrúùnù ni, ó ń kàwé yunifásítì l'Ẹ́dẹ, ilé wa ló ń gbé. Kó tó di pé ọdún kan pé, ó ti mọ ìkúnlẹ̀ kí àgbà ju àwọn ọmọ mi lọ. Àfi bó ṣe ku ọjọ́ mẹ́ta kó padà sílé, tó ń kí mi lóòró.

"Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó jẹ̀bi ló ń kúnlẹ̀. Mi ò fẹ́ kí àyà màmá mi já, ni mo ṣe ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni lóòró."

Ó gbìyànjú títí láti má kúnlẹ̀ mọ́, orúnkún kò gbọ́. Ìyàwó mi ní, "Àbí ká di igi mọ́ ọn ni?"

Ọjọ́ tó délé, ó pè mí. "Bàbá, mo kúnlẹ̀! Màmá figbe ta, wọ́n ní kí ni mo ṣe."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní bí wọ́n ṣe ń kí ìyá l'Ẹ́dẹ nìyẹn. Wọ́n ní kí n tún un ṣe."