Táì Inú Àpò

Báńkì tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Igbó-Ọrà kì í yá àgbẹ̀ lówó àfi bí òṣìṣẹ́ kan bá fojú ara rẹ̀ rí oko onítọ̀hún. Èmi ni òṣìṣẹ́ náà. Àwọn tó ṣòfin yìí jókòó sínú yàrá tútù n'Íbàdàn, wọn ò mọ̀ pé ajínigbé wà lọ́nà oko.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ wo oko ẹ̀gẹ́ kan lọ́nà Ayétẹ̀, mo ti fi káàdì iṣẹ́ mi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì nítorí ẹ̀rù. Ọlọ́kadà wò mí látòkèdélẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ bọ́ táì yẹn. Àwọn ajínigbé á ní owó ló ń rìn bọ̀."

Mo bọ́ ọ, mo fi í sápò. Ó yá mi ní ẹ̀wù oko àti fìlà, mo wọ ẹ̀wù náà, mo dé fìlà. Níbi tí ọ̀kadà ò ti lè kọjá mọ́, ó já mi sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn. Bí ewé bá mì, àyà mi á já.

Àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú yọ sí mi tìbọn-tìbọn.

"Ìwọ ta ni?"

Mo ní báńkì ni mo ti wá. Wọ́n wo ẹ̀wù mi, wọ́n wo ọwọ́ mi tí kò roko rí.

"Àgbẹ̀ wo lọwọ́ ẹ̀ rí báyìí? Ajínigbé ni ẹ́. Kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Ìtọ̀ fẹ́ẹ̀ bọ́ lára mi, kí n má purọ́. Ìyàwó mi nìkan ni mò ń rò. Bẹ́ẹ̀, mo mọ olórí wọn: èmi ni mo ṣí àkáǹtì fún un, gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń dúró síwájú mi ní báńkì.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni. Ẹ wojú mi dáadáa."

Ó wò mí títí, ó mi orí pé òun ò mọ̀ mí. Ó na ìbọn sí mi.

Ìgbà yẹn ni mo rántí àpò mi. Mo bẹ̀ wọ́n, mo rọra fa táì yọ, mo ṣí fìlà, mo sì so táì mọ́ ọrùn lórí ẹ̀wù oko. Ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Olórí wọn sọ ìbọn kalẹ̀. "Háà, ọ̀gá báńkì. Ẹ má bínú, ẹ ò jẹ́ á dá yín mọ̀."

Wọ́n sìn mí dé oko, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò bọ́ táì náà mọ́.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, olórí ọdẹ náà wá síwájú mi ní báńkì, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò wojú mi; táì ọrùn mi ló ń wò.