Igi Ọkọ Alhaja

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí lóṣù tó kọjá. Ó ṣì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí.

Báọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Sùúrùlérè, àmọ́ Èbúté Mẹ́ta ni mò ń gbé. Igi ńlá kan wà lẹ́yìnkùlé wa. Ọkọ Alhaja, ìyá onílé wa, ló gbìn ín. Réluwéè ni bàbá yẹn bá ṣiṣẹ́, ìrìn àjò ló ti gbé e bọ̀. Gbogbo ìgbà tí Alhaja bá bi í lórúkọ igi náà, ẹ̀rín ló máa ń rín, títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Lọ́jọ́ kan Alhaja ní, "Tíṣà, ṣebí iṣẹ́ ẹ nìyí? Kí ni igi ọkọ mi yìí ń jẹ́ gan-an?"

Mi ò mọ̀ ọ́n o! Mo já ewé rẹ̀ lọ bá ọ̀rẹ́ mi Dàpọ̀ ní Yábàá, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kan tí wọ́n ti ń to ewé gbígbẹ jọ ní ìdílé-ìdílé. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní ó jọ ìdílé obì, àmọ́ ìdílé yẹn lọ́mọ rẹpẹtẹ. Ṣé ẹ mọ̀ pé orúkọ méjì ni wọ́n máa ń fún ohun ẹlẹ́mìí? Àkọ́kọ́ dà bí orúkọ ìdílé, èkejì ni tara ẹ̀. Ó ní ewé nìkan ò tó, àfi tí igi náà bá tanná, òdòdó ló máa fi ẹ̀gbọ́n hàn yàtọ̀ sí àbúrò.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í retí nìyẹn. Àràárọ̀ ni Alhaja máa ń gbójú sókè. Tí mo bá ń lọ síṣẹ́, á ní, "Kò tíì tanná o!" Ẹ̀rín á sì pa wá.

Sátidé kan, Alhaja lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Muṣin, èmi náà lọ ra aṣọ ní Tejúòṣó. Kí n tó dé, Ẹ̀gbọ́n Múídì, àkọ́bí Alhaja, ti kó àwọn agégi wá. Ṣọ́ọ̀bù ló fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Igi ti wà nílẹ̀!

Mo wo ẹ̀ka rẹ̀. Ó ti rudi! Ó ku díẹ̀ kó tanná! Mo já díẹ̀ níbẹ̀, mo fò sínú kẹ̀kẹ́, ó di ọ̀dọ̀ Dàpọ̀. Ó là á wò, ó mi orí. Inú ìrudi náà ò tíì pé, kò tíì di òdòdó. Ó kọ "Cola", orúkọ ìdílé obì, sára páálí, àmọ́ níbi tó yẹ kí orúkọ kejì wà, "sp." ló kọ síbẹ̀. Ìyẹn ni pé a ò mọ̀.

Nígbà tí Alhaja dé, kò pariwo. Ó kàn ní, "Múídì, o ò lè bi mí?" Ẹ̀gbọ́n Múídì dọ̀bálẹ̀, ó ní òun rò pé igi lásán ni. Mo wá sọ fún Alhaja pé ẹbí obì ni igi ọkọ rẹ̀.

"Ẹn-ẹ́n? Ó kúkú lẹ́bí." Ó fọwọ́ pa kùkùté yẹn lára. "Èwo wá ni nínú wọn?"

Mo ní, "A ò mọ̀, Alhaja. Òdòdó ni ì bá sọ fún wa."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tẹ́ ẹ ò bá tíì mọ orúkọ rẹ̀, ẹ ṣe sùúrù fún un. Ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó gbé àáké. Igi wo ló wà lágbolé yín tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀? Ta ló gbìn ín? Ẹ kọ ọ́ síbí fún mi, èmi náà fẹ́ gbọ́.