Ọjọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀ fún sójà òyìnbó ní Padova

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi ròyìn ohun tó gbé mi dé pronto soccorso, ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ní ọsibítù, lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí ẹ tó gbọ́ ti Ìyá Ṣadé. Ìyá Ṣadé yìí ló ni ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ tó wà nítòsí ibi tí tram ti ń dúró ní Arcella, àdúgbò wa ní Padova. Gbogbo ẹni tó bá wá ra gààrí ló ń sọ fún pé Bàbá Làmídì mutí yó, ó sì sùn sórí sàréè. Irọ́ ni. N kì í mutí kí n tó jẹun ọ̀sán.

Òkè mi gan-an ni Signora Ines, màmá arúgbó ará Ítálì kan, ń gbé. Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Èmi tí ẹ ń pè ní bàbá yìí, ọmọdé ni mo jẹ́ lójú wọn. Mo máa ń bá wọn ra búrẹ́dì àti wàrà, wọ́n á sì po kọfí fún mi. Ìdí kọfí yẹn ni mo ti gbọ́ ìtàn Alberto.

Alberto, sójà òyìnbó ni, ará Ìlú Ọba; àwọn ará Ítálì ló sọ orúkọ rẹ̀ dà bẹ́ẹ̀. Ó ja ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ó tún ja ìkejì. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, sísá ló ń sá. Alberto ò sá.

Nígbà ogun àkọ́kọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Ó ń da àwọn ìbaaka tó ń ru ọta ìbọn gun àwọn òkè tó wà lókè Padova yìí. Òtútù yìnyín ló ba ìka rẹ̀ méjì jẹ́ ní ọwọ́ òsì, tí wọ́n fi gé wọn. (Ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ṣadé, ohun tí mo sọ ni pé ìkookò ló bù ú jẹ. Ìkookò dùn ún gbọ́ ju òtútù lọ.) Ilé bàbá àgbà Signora, ilé àgbẹ̀ kan ní ẹ̀yìn ìlú, ni wọ́n fi òun àti àwọn ìbaaka rẹ̀ wọ̀ sí. Ogun parí, ó padà sílé, ó ń mọ bíríkì. Ó gbéyàwó, ìyàwó kú. Kò bímọ.

Ogun kejì dé. Wọ́n ní ó ti dàgbà jù. Ó fi pọ́líìṣì bàtà kun ewú orí rẹ̀, ó purọ́ ọjọ́ orí, wọ́n sì gbà á. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, kò sí ọwọ́ mi níbẹ̀, Signora ló sọ ọ́. Àwọn sójà Ítálì mú un ní aṣálẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n kó o wá sí ẹ̀wọ̀n níbí. Nígbà tí Ítálì túúbá, àwọn ẹ̀ṣọ́ sá, ẹ̀wọ̀n ṣí sílẹ̀ gbayawu, oníkálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀. Alberto gba ọ̀nà ilé kan ṣoṣo tó mọ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí. Bàbá àgbà ṣílẹ̀kùn, kò dá a mọ̀, àfi ìgbà tó na ọwọ́ òsì sókè.

Àjà tí wọ́n ń kó koríko ẹran sí ni wọ́n fi í pamọ́ sí. Bí àwọn sójà Jámánì tó ti gba ilẹ̀ Ítálì nígbà náà bá rí i níbẹ̀, wọ́n á dáná sun ilé náà tènìyàn-tènìyàn. Signora, tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọ kékeré, ni wọ́n ń rán láti gbé polenta lọ fún un. Àbúrò tùwó ni polenta, àgbàdo tí wọ́n rò títí tó fi le. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ogun parí, ikọ́ dá a dùbúlẹ̀, ó sì kú lórí koríko yẹn. Wọ́n sin ín sábẹ́ igi. Lẹ́yìn ogun, àwọn sójà wá hú egungun rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n sin àwọn sójà Ìlú Ọba sí ní Padova.

Ọdọọdún, tí ọjọ́ tí ó kú bá pé, Signora á gbé polenta díẹ̀, wọ́n á lọ kí i.

Lọ́dún yìí, ẹsẹ̀ kọ̀. Ilé wa ò ní ascensore, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè, wọ́n sì ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Paola ọmọ wọn, tó ń gbé ní Torino, ti gba ààyè fún wọn ní casa di riposo kan lẹ́bàá ilé rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Signora ní ẹsẹ̀ àwọn ò ní tẹ ibẹ̀. Paola pè mí lórí fóònù, ó ń sunkún, ó ní kí n bá òun bẹ ìyá òun kí wọ́n má baà já sílẹ̀ kú lórí àtẹ̀gùn.

Mo gòkè lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n wá bi mí pé, táwọn bá lọ sí Torino, ta ni yóò máa kí Alberto?

Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi dáhùn. Ọkùnrin tí kò lọ́mọ, tó kú sílé onílé, ta ni yóò máa bi í pé ṣé o wà níbẹ̀?

Mo ní èmi á lọ. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

“Làmídì, onírọ́ ni ọ́. Gbogbo ilé yìí ló mọ̀.”

Mo ní onírọ́ náà lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, kí n lọ ti ọdún yìí kí àwọn wò ó. Tí n ò bá dé ibẹ̀, àwọn á mọ̀. Bí mo bá sì kùnà, kí n sọ fún Paola pé orí àga yìí náà ni àwọn máa kú sí.

Wọ́n ro polenta, wọ́n dì í sínú aṣọ funfun. Mo wọ tram, mo tún wọ bọ́ọ̀sì. Nínú bọ́ọ̀sì, òórùn polenta ò jẹ́ kí n gbádùn. Nílé wa, ẹni tó gbé oúnjẹ fún àgbà ní láti tọ́ ọ wò lójú àgbà, kí wọ́n mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Mo tọ́ ọ wò. Mo tún un tọ́ wò. Kò níyọ̀ rárá. Mo ní ó ṣe, arúgbó ti gbàgbé iyọ̀.

Òkúta funfun tò lọ bí ọmọ iléèwé tó wà lórí ìlà láàárọ̀. Mo rí orúkọ Alberto. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀: báwo ni mo ṣe fẹ́ kí i? Ọkùnrin tó ju bàbá mi lọ, ṣé màá dúró lé e lórí bí ọlọ́pàá ni? Mo gbé polenta síwájú òkúta, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní Ines ní kí n kí yín, ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n, wọn ò gbàgbé yín.

Ṣé ẹ mọ̀ pé dídọ̀bálẹ̀ rọrùn ju dídìde lọ? Ẹ̀yìn mi há. Orúnkún kọ̀. Mo wà níbẹ̀, mo dojú bolẹ̀, obìnrin kan tó ń da ajá rẹ̀ kọjá lójú títì sì rí mi. Ó bèèrè kí ló ṣe mí. Mo ní mò ń kí àgbà ni. Ó yọ fóònù.

Àwọn tó ń wa ọkọ̀ aláìsàn, ambulanza, dé. Ọmọkùnrin kan nínú wọn bi mí pé kí ni òkú yìí jẹ́ sí mi. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó wo òkúta, ó wo ojú mi, ó sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé ó jọ pé bàbá yìí forí gbá nǹkan.

Ìyá Ṣadé ló wá mú mi jáde ní pronto soccorso.

“Bàbá, ṣé ìkookò yẹn náà ló tún lé yín?”

Ṣadé ọmọ rẹ̀ tó bá a wá ń rẹ́rìn-ín: “Nonno, ma dai!” Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́ o, ló ń wí.

Nígbà tí mo gòkè dé ọ̀dọ̀ Signora, Paola ti dé láti Torino, ó jókòó ti àpótí òfìfo kan. Signora ò bèèrè ẹ̀yìn mi.

“Ṣé o débẹ̀?”

“Mo débẹ̀.”

“Kí ló sọ?”

Paola ní màmá, ẹ jọ̀ọ́. Signora ò wò ó, èmi ni wọ́n ń wò. Mo ti ro irọ́ kan sílẹ̀ nínú ambulanza, ó dáa gan-an, sójà mélòó kan ló dìde kí mi nínú rẹ̀. Àmọ́ ojú arúgbó yẹn lé irọ́ náà lọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kò ju èyí lọ:

“Ó ní kò níyọ̀.”

Signora fọwọ́ bo ẹnu. Èjìká wọn ń mì, mo rò pé mo ti pa arúgbó, àṣé ẹ̀rín ni. Wọ́n rín in títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní nígbà ogun, iyọ̀ wọ́n bí ojú. Gbogbo ìgbà táwọn bá gbé polenta gòkè, Alberto á bù ú lẹ́ẹ̀kan, á ní “manca sale,” kò níyọ̀, á sì jẹ ẹ́ tán. Ìdí nìyẹn tí àwọn kì í fi fi iyọ̀ sí i lọ́jọ́ rẹ̀. Àwọn ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí, kódà Paola ò gbọ́ ọ.

Paola tẹjú mọ́ mi. Ẹ̀yin ará, ṣé ó yẹ kí n wá sọ bí mo ṣe mọ̀?

Signora nu ojú wọn. Wọ́n ní, “Paola, gbé àpótí yẹn wá.”

Torino ni wọ́n wà báyìí, wọ́n ní oúnjẹ ibẹ̀ níyọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ Alberto sì ti di tèmi. Ìyá Ṣadé ní lọ́dún tó ń bọ̀ òun á tẹ̀lé mi lọ, kó lè rí mi gbé dìde. Ó bi mí bóyá kí òun bá mi fi iyọ̀ díẹ̀ sí polenta náà. Mo ní kó má dán an wò.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kò pọ̀: bí àgbà bá rán ọ níṣẹ́, dé ibẹ̀. Irọ́ lè gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà, kò lè gbé ọ wọlé. Ẹ̀yin ńkọ́? Nínú ìrìnàjò tí gbogbo wa wà yìí, ta ni ẹ̀ ń kí tí kì í ṣe ẹbí yín? Ẹ kọ ọ́ síbí, kí n kà á. Èyí tó bá jẹ́ irọ́ nínú rẹ̀, èmi ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.