Ọlọ́dẹ Tí Kò Kú

Nínú gbogbo ìwé ìtàn tí Bàbá Onítàn kọ, kò sí èyí tí ọlọ́dẹ kan kò sí níbẹ̀. Ọlọ́dẹ yìí kì í kú. Ìlú lè jóná ráúráú, ọba lè wàjà, ọlọ́dẹ á ṣáà rọ́nà gbà yọ. Àwọn tó ń ka ìwé rẹ̀ a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Tí wọ́n bá bi í léèrè ìdí rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á sì darí ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ ló ti ń kọ̀wé. Ìyàwó ń tẹ ẹ̀rọ níwájú, ọkọ ń fi bírò kọ̀wé lẹ́yìn kọ́tìnì. Obìnrin náà mọ̀ pé ọkọ òun kì í jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò òun, àti pé tí ọlọ́pàá bá kàn béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn á bò ó. Ó rò pé ìtìjú ni.

Olè ni ọkùnrin yìí nígbà èwe rẹ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń kọ́ nígbà náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ dùn sì tàn án lọ fọ́ ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ wúrà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Òun ló yọ ilẹ̀kùn. Bí ọlọ́dẹ ṣe yọ sí wọn báyìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ la irin mọ́ ọn lórí. Ọkùnrin náà ṣubú, kò mira mọ́. Àwọn méjèèjì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ kejì, ó gbọ́ ní gáréèjì pé ọlọ́dẹ ti kú. Ó sá kúrò nílùú, ó yí orúkọ padà, ó ríṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé kan, ibẹ̀ ni ìwé kíkọ sì ti wọ̀ ọ́ lára. Kò rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ láéláé.

Ó ti darúgbó nígbà tí ilé ìkàwé kan, ní ìlú tó ti sá kúrò nígbà èwe, pè é pé kó wá ka ìwé rẹ̀ fún àwọn. Ìyàwó rẹ̀ ti bá a gbà kó tó gbọ́, ó tiẹ̀ ti rán aṣọ. Ó fẹsẹ̀ dídùn ṣe àwáwí, ó fi inú rírun kún un, obìnrin náà ń di ẹrù lọ ní tirẹ̀.

Bó ṣe ka ibi tí olè ti lu ọlọ́dẹ nínú ìwé rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà, bàbá arúgbó kan tó jókòó níwájú, tó tẹ́ etí kan sílẹ̀ látìgbà tí ètò ti bẹ̀rẹ̀, dìde dúró.

Ó ní, “Ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé ẹ wà níbẹ̀. Èmi náà ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ wúrà rí, kí àwọn olè tó fọ́ mi lórí.”

Ó ṣí fìlà. Àpá náà gùn láti iwájú orí dé ẹ̀yìn etí.

Bàbá Onítàn pa ìwé dé. Ó bẹ̀ ẹ́ kí àwọn méjèèjì wọ yàrá tí wọ́n ń kó ìwé sí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

“Bàbá, èmi ni mo yọ ilẹ̀kùn ọjọ́ náà.”

Arúgbó náà sún mọ́ ọn. “Ìwọ lo gbá mi?”

“Rárá, sà. Ṣùgbọ́n mo rí yín nílẹ̀, mo sì sá lọ. Wọ́n ní ẹ kú.”

Arúgbó ní ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ní ọsibítù ló kú, àwọn èèyàn kàn ṣì í gbọ́ pé òun ni. Etí òun kan di, òun sì fi iṣẹ́ ọlọ́dẹ sílẹ̀, òun kọ́ bàtà ṣíṣe, òun sì fi tọ́ ọmọ. Kò sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe o. Ó ní fífi tí wọ́n fi òun sílẹ̀ níbẹ̀ dun òun ju irin náà lọ. Bàbá Onítàn dọ̀bálẹ̀, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn, nítorí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ yìí ń mí.

“Dìde,” ni arúgbó wí. “Má fi mí ṣe òkú mọ́.”

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ní yàrá tí ilé ìkàwé gbà fún tọkọtaya náà, Bàbá Onítàn ro gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Inú bí obìnrin náà gidigidi, pàápàá nítorí ọdún gbọọrọ tó fi pa á mọ́ fún òun. Nígbà tó yá, ó béèrè orúkọ tí ìyá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ó tún un pè, ó ní kò bá a mu rárá.

Láàárọ̀, obìnrin náà ló mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ wádìí, ó ránṣẹ́ pe arúgbó. Arúgbó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni rojọ́. Alágbẹ̀dẹ ti kú tipẹ́, kò sì sí ẹni tó di ẹjọ́ náà mú mọ́. Wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Ọkọ̀ tí tọkọtaya náà wọ̀ kò tíì kúrò ní gáréèjì tí oorun fi gbé Bàbá Onítàn lọ, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń hanrun. Ìyàwó rẹ̀ fi èjìká gbé orí rẹ̀, ó ní kí awakọ̀ rọra wa ọkọ̀ náà.